Ọ̀ọ́dúnrún Ọ̀pá Tí A Rì Sétí Odò Perrin

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí arúgbó méjìlélógún ṣe lè fi ọwọ́ ara wọn ba nǹkan jẹ́, kí wọ́n sì jẹ sọ́sèèjì lé e lórí, ẹ wá sí Dunlow. Ilé ìtajà kan la ní, ilé ọtí kan, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kì í lọ, àti ìgbìmọ̀ mọ́kànlá. Èmi, Merle Hotchkin, wà nínú márùn-ún. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Odò Perrin, torí ibẹ̀ ni mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Ọkọ mi ló gbé mi dénú ẹgbẹ́ yẹn. Ogójì ọdún ni Clarrie fi ń wẹ̀ láràárọ̀ nínú ibú tó wà lẹ́yìn afárá àtijọ́, ìbáà jẹ́ ìgbà òtútù. Ìhòòhò ló ń wẹ̀. Àwọn tó ń mú ajá wọn rìn kiri á gbójú sókè bí ẹni ń wo ẹyẹ, wọ́n á ní, "Káàárọ̀, Clarrie." Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ó gba apá ọ̀tún, ó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àyàfi èébú. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà mìíràn, pé ibi tí èébú ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ gidi ń gbé. Èébú la wá fi ń gbélé. "Radaràda" lè jẹ́ pé tíì kò dùn, ó lè jẹ́ pé ó ń dúpẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ràn mi. Mo mọ ìyàtọ̀ wọn.

Dókítà yìí kan náà pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní tí àìsàn náà bá tún kọlù ú lẹ́ẹ̀kejì, kí n má retí ohun tó pọ̀. Látìgbà náà, ojú fèrèsé ni Clarrie máa ń jókòó sí lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, á máa na ọwọ́ òsì sí ọ̀nà odò. Kò sí ẹni tí kò ní mọ ohun tó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n omíyalé ọdún méjì sẹ́yìn ti wọ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé méjì gan-an, ìdí ló ń fi wọ́ dé ibú. Àfi kí kánsù tún ọ̀nà náà ṣe ni kẹ̀kẹ́ arọ tó lè débẹ̀.

Kánsù ní àwọn kò ní la ọ̀nà kankan sórí etí odò tó ń ya lulẹ̀. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ wo odò wa sàn: ká gé àwọn igi wílò tó ń mu omi rẹ̀ tó sì ń dí ojú rẹ̀, ká gbin igi ilẹ̀ wa dípò wọn. Tí wọ́n bá wá wò ó ní oṣù kọkànlá, tó sì dára, ọ̀nà yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, ọ̀nà tó tẹ́jú tó sì fẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ètò olójú-ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Èmi nìkan ni mo kà á tán ní Dunlow, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì sùn lọ lórí rẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé lé ètò náà lórí. Thuy Lam, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ odò ní kánsù, tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ó pín ìwé róbótó kéékèèké tó ń lẹ̀ fún wa. Ká lẹ aláwọ̀ ewé mọ́ ibi tí a fẹ́ kí iṣẹ́ ti wáyé, ká lẹ pupa mọ́ ibi tí a kò fẹ́. Athol Brennick, tí oko màlúù rẹ̀ wà ní òdìkejì odò, lẹ gbogbo pupa tirẹ̀ mọ́ ilé Philippa Royle. Philippa ni alága wa. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí, kò sì tíì gbàgbé.

"Athol, ilé mi kò sí nínú ètò yìí," Philippa ní.

"Ó yẹ kó wà níbẹ̀," Athol fèsì. "Òun gan-an ló ń dí ojú odò."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àyàfi ẹni tó nilé. Athol wá dìde, kò sì ṣàwàdà mọ́. "Bàbá bàbá mi ló gbin àwọn wílò yẹn, nígbà tí gbogbo yín ń bẹ̀ ẹ́ kó bá yín di etí odò mú. Ẹ lọ gé e. Wílò kì í gbọ́ lé-lé-lé. Á padà wá bá yín." Ó dé fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣe ọ̀gá panápaná wa, iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún bí ẹni tí ilé ń jó níwájú rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Ní oṣù keje, ẹ̀rọ wá gé wílò, wọ́n kó wọn jọ gegele. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ, tó jẹ́ ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa, a jáde lọ gbin igi. Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ igi, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpò ọ̀rá tí a ó fi bò ó kí àwọn ẹran igbó má baà jẹ ẹ́, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá tí yóò gbé ọ̀rá dúró. Ọmọ igi dé. Ọ̀rá dé. Ọ̀pá ni kò dé, torí awakọ̀ ti lọ já a sí ìlú mìíràn. A dúró sínú òtútù, a ń wo ara wa. Ó ti ń di ohun tí wọ́n máa sún sí oṣù tó ń bọ̀, èmi ẹ̀wẹ̀ sì ń ka ọjọ́ Clarrie lọ́kàn mi.

Mo wá wo gegele wílò. Ẹ̀ka gígùn, tó gún régé, tó tó ìwọ̀n.

"Kí là ń dààmú fún?" mo ní. "Ṣé ọ̀pá kọ́ ló kún ilẹ̀ yìí?"

"Merle," Philippa ní, "orí rẹ pé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò sí ẹyọ ẹnì kan, nínú arúgbó méjìlélógún tí ọjọ́ orí wọn lápapọ̀ lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún, tó sọ pé, "Ẹ dúró ná." A gbẹ́ ìdí wọn ṣónṣó, a fi òòlù rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ tútù etí omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, dáadáa. Ẹ̀yìn náà la dín àlùbọ́sà, a fi sọ́sèèjì sáàárín búrẹ́dì, a jẹ, a yin ara wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin ẹ̀gẹ́ rí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wílò kì í kú. Gé e, gbẹ́ ẹ, lù ú lórí, tó bá ti kan ilẹ̀ tútù, á hu. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ọ̀pá wa ti yọ ewé. Nígbà tí Thuy fi máa dé ní oṣù kọkànlá, àwọn ọmọ igi ilẹ̀ wa ti rọ bí ẹ̀fọ́ àná nínú ọ̀rá wọn, ṣùgbọ́n ọ̀ọ́dúnrún wílò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí ìlà, tútù yọ̀yọ̀, inú wọn dùn. A ti gé mẹ́rìndínlógójì, a sì ti gbin ọ̀ọ́dúnrún.

Thuy dúró, ó ń wò wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbin wílò sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo igi yín?"

Wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Lọ́jọ́ náà, gbogbo wa pátá ni inú ń run. Mo rí i lójú wọn bí ó ṣe ń yé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó rántí pé òun kò pa iná ìdáná. Philippa ló kọ́kọ́ rí ohùn rẹ̀.

"Ẹnì kan ló wá ṣe é láti ba iṣẹ́ wa jẹ́," ó ní. "Ẹni náà ti ṣèlérí ẹ̀ lójú gbogbo ìpàdé. Ìwọ náà wà níbẹ̀, Thuy."

Thuy wo àwọn ọ̀pá. Ó wo àwa náà. Mo rò pé ó mọ̀. Ó ṣáà la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wa: tó bá jẹ́ pé ẹni ìta ló ba iṣẹ́ jẹ́, kánsù yóò kà á sí jàǹbá, a ó hú wọn, a ó tún un gbìn, ọ̀nà yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹgbẹ́ ló ṣe é, ètò yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà á sì di ọdún méjì sí i. "Ẹ ṣèpàdé lé e lórí," ó ní. "Mo máa wá lọ́jọ́ Ẹtì láti gba èsì lẹ́nu yín."

Mo délé, mo kúnlẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́ Clarrie. "Oṣù kìíní," mo wí fún un. "Wọ́n máa la ọ̀nà ní oṣù kìíní." Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mi ò dárúkọ Athol fún un. N kò ní parọ́ fún yín, mo sùn dáadáa lóru yẹn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo mú àpò kan, mo lọ sí odò láti hú díẹ̀ nínú àwọn ọ̀pá náà. Ìdí wọn tí a gbẹ́ ṣónṣó ló ń bà mí lẹ́rù, torí ọmọdé gan-an ló lè rí i pé òòlù la fi rì í. Athol ni mo bá níbẹ̀. Ó jókòó sétí omi, ó gbé ọ̀kan nínú wọn lé itan.

"Ẹ gbẹ́ ẹ ṣónṣó," ó ní, kò tilẹ̀ kí mi. "Ta ló ń gbẹ́ igi ṣónṣó kó tó gbìn ín? Ọ̀pá lẹ fi ṣe. Ẹ gé wílò tútù, ẹ fi ṣe ọ̀pá!"

Ẹ̀rín wá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Ta ló dá àbá yẹn?"

"Èmi ni."

Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Merle! Ṣé àgbẹ̀ kọ́ ni bàbá rẹ ni?"

"Afọ́nfèrè ni, nínú ẹgbẹ́ ológun."

"Ó hàn." Ó nu ojú rẹ̀, ó ju ọ̀pá náà sínú odò.

"Má jù ú sómi!" mo pariwo. "Á lọ hu nísàlẹ̀!"

Athol sáré wọ inú omi tòun ti bàtà, ó ń lé ọ̀pá kiri bí ẹni ń lé adìyẹ. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Clarrie ńkọ́?"

"Ojú fèrèsé náà ló wà."

"Ọ̀nà yẹn, oṣù kìíní ni wọ́n ní?"

"Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo gbin wílò."

Ó fún omi kúrò lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. "Kó jẹ́ èmi, ṣebí?" ó ní. "Philippa ti ń pè mí ní ọ̀tá ìlú láti ọjọ́ tí mo ti lẹ pupa mọ́ ilé ẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Jẹ́ kí Clarrie rí omi ẹ̀."

Ẹlòmíì á ti kọ̀. Èmi sọ pé, "O ṣé, Athol." Mo gbé àpò mi, mo lọ sílé, ojú sì ń tì mí títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo wọlé, mo wo Clarrie, ojú kò tì mí mọ́.

Ní ọ̀sán Ẹtì, a péjọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Thuy jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Athol wà lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ìkòkò tíì, ẹnikẹ́ni kò sì sún mọ́ ọn. Philippa dìde, ó ka ohun tí ó kọ sílẹ̀: pé Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Odò Perrin fẹ́ kí kánsù mọ̀ pé Athol Brennick ló gbin wílò sórí iṣẹ́ àwọn. Ó mí. Ó wá kà á síwájú: pé ẹgbẹ́ yóò sì kọ̀wé sí àwọn panápaná pé ìlú kò fọkàn tán an mọ́ láti ṣe ọ̀gá wọn.

Ìyẹn kò sí nínú ohun tí Athol rò. Mo wò ó. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́, ó ń yí i. Ọkùnrin tó wọ ilé ẹṣin Philippa nígbà tí iná ń jó òrùlé, tó fa ẹṣin méjèèjì jáde, tí irun ojú rẹ̀ kò hù fún oṣù mẹ́ta!

"Ta ló kín in lẹ́yìn?" Philippa béèrè. Ó yíjú sí mi, ó sì fi ohùn tí ó fi ń bá ọmọ tí eyín ń dùn sọ̀rọ̀ wí pé, "Mo rò pé Merle ló yẹ. Nítorí Clarrie."

Gbogbo gbọ̀ngàn wò mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọwọ́ mi gbéra. Ó ti dé èjìká. Mo ń rí Clarrie nínú omi. Mo tún wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, Athol sì mi orí sí mi pé kí n máa ṣe é lọ. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá nawọ́ méjèèjì. Mímì orí yẹn ló pa mí.

"Ọ̀pá wa ni," mo ní.

"Kí lo wí, Merle?"

"Ọ̀pá wa ni wọ́n. Èmi ni mo ní ká fi wílò ṣe ọ̀pá, gbogbo wa la sì rì wọ́n. Ìwọ, Philippa, mẹ́tàdínlógún lo rì. Ò ń pariwo iye rẹ̀ ká lè gbọ́. Athol kò fọwọ́ kan igi kan. Ó mọ̀ pé àwa ni. Ó fẹ́ gbà á mọ́ra nítorí ọkọ mi, èmi sì gbà fún un, torí mo jẹ́ olè."

Akápò wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi ń dín àlùbọ́sà lọ́jọ́ yẹn ni o," ó ní. Ni akọ̀wé bá ní òun náà ń dín àlùbọ́sà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ títí dé ìlà ìkẹyìn. Tí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, àlùbọ́sà tí a dín lọ́jọ́ náà ì bá bọ́ àwọn ọmọ ogun. Philippa ká ìwé rẹ̀ sí mẹ́rin, ojú rẹ̀ kan bí ẹni tó mu ọtí kíkan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún òótọ́ inú mi.

Thuy wá bá mi. "Ọdún méjì ni, Merle. Ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni..."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Athol gba iwájú mi kọjá lọ síta. "Obìnrin yìí, òpè paraku ni ọ́," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ ti fẹ́ bọ́ sí i, o wá bà á jẹ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Clarrie nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láti orí ọ̀pá dórí àlùbọ́sà. Mo ní, "Mo ti ta ọ̀nà rẹ dànù." Ó bú gbogbo èébú tó kù lẹ́nu rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú sí fèrèsé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò mọ èyí tí ó ń bú, mi ò sì mọ ẹni tí ó ń bú. Mo lọ sí ìdí ibi tí mo ti ń fọ abọ́, mo sunkún.

Ní àárọ̀ Sátidé, ariwo ẹ̀rọ wọ inú àgbàlá wa. Athol ni, lórí katakata. Ó tẹ́ tìmùtìmù àtijọ́ kan sínú abọ́ irin ńlá tó wà níwájú rẹ̀.

"Gbé e jáde," ó ní.

"Athol! Inú ohun tí o fi ń kó ìgbẹ́ màlúù?"

"Mo ti fọ̀ ọ́."

"Ìgbà wo?"

"Ṣé o fẹ́ gbé ọkọ rẹ jáde ni, àbí o fẹ́ ṣèpàdé lé e lórí?"

A gbé Clarrie, àwa méjèèjì, ó wúwo bí ẹni tó jẹun yó. A gbé e sínú abọ́ irin, mo fi ìborùn wé e lọ́rùn, mo sì wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má baà ṣubú. Athol gbé wa kọjá afárá, ó gba inú oko tirẹ̀, àárín àwọn màlúù, ibi tí kò sí ọ̀nà kánsù kankan. Lójú ọ̀nà, a kọjá níwájú ilé Philippa. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tòun ti ife tíì. Clarrie gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó fi ìka kan ṣoṣo kí i, kì í sì ṣe ìka tí wọ́n fi ń kíni.

Athol ń bú mi ní gbogbo ọ̀nà, ó ń pariwo borí ẹ̀rọ. "Mo ti gbà láti jẹ́ ẹni burúkú! Ó ti tán! O wá lanu!"

"Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ panápaná lọ́wọ́ rẹ!"

"Mo rí i!" A kọjá géètì kejì. "Ìyẹn ì bá dùn mí," ó ní.

Bèbè odò ní apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wọnú ibú, ibi tí àwọn màlúù ti ń mumi. Ó wa katakata náà wọnú omi díẹ̀díẹ̀, ó sì sọ abọ́ irin náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Omi gba etí rẹ̀ wọlé, ó bo ẹsẹ̀ Clarrie, ó dé orúnkún, ó dé itan. Tìmùtìmù mu omi yó. Bàtà mi lọ. Clarrie fa èémí, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ là gbòò. Ó ki ọwọ́ òsì bọ omi, ó bù ú, ó dà á sórí ara rẹ̀, ó bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dà á sí mi lójú.

"Ó tutù," ó ní.

Oṣù mẹ́rìnlá nìyẹn tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe èébú lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn. Mo bú sẹ́kún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, omi odò àti ti ojú mi dà pọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ọdún méjì wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀, ìdùnnú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbẹ̀ kan náà.

Athol pa ẹ̀rọ. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni òun ní, torí àsìkò fífún wàrà ti tó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tó yá, àwọn màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní géètì. Wọ́n ké títí, ohùn wọn há, kò sì sí ẹnì kan nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dìde.